Rédíò Àlàájà Àti Ohùn Inú Fóònù: Bí A Ṣe Lo Sọ́ńdè Tó Ṣáájú Kérésì Ní Òmù-Àrán

Ọ̀rọ̀ rédíò ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé, "Rédíò kẹ̀? Ta ló tún ń gbọ́ rédíò láyé fóònù?" Ẹ fara balẹ̀ ná. Ohun tí a fi etí gbọ́ nílé wa ní Òmù-Àrán, ní Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn ṣáájú Kérésì ọdún 2025, ló jẹ́ kí n mú kálàmù. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tó ń ta gààrí, ó kan kafíńtà, ó kan dírẹ́bà, ó sì kan ẹnikẹ́ni tó bá ní ọmọ lẹ́yìn odi tó ń retí pé kó wá bá òun jẹun ọdún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí orúkọ tí àwọn àgbà sọ nǹkan yìí. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n pè é. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lóòótọ́. Ọjọ́ 19 oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1932 ni BBC ti London bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ilẹ̀ tí òyìnbó ń ṣàkóso. Nígbà tó di ọjọ́ Kérésì ọdún náà gan-an, Ọba George Karùn-ún fúnra rẹ̀ bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ẹ rí i pé ó ti pẹ́ tí Kérésì àti rédíò ti jọ ń rìn. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1935, wọ́n na wáyà wọ ilé àwọn kan ní Èkó, wọ́n gbé àpótí kọ́ sára ògiri, ohùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní 1939, ó dé Ìbàdàn. Olówó ló ń gbé e sílé nígbà yẹn, oṣooṣù ni wọ́n sì ń sanwó rẹ̀. Kò sí pé èèyàn ń yí i kiri pé òun ń wá ibòmíràn. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lẹ máa gbọ́. Bí kò bá dùn mọ́ yín, ẹ pa á.

Ní ti ilé wa, orí rédíò alábátìrì ni ìtàn wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó lọ́kọ sí Èsìẹ́, ìlú àwọn ère òkúta, níbi tí wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí ní 1945, òun ló ń sọ ọ́ fún wa. Àlàájà ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní bí bátìrì bá ti ń rẹ̀, wọ́n á tú u síta, wọ́n á tò ó sójú oòrùn bí ẹni sá èlùbọ́, kó lè tún rí okun díẹ̀ fi sọ̀rọ̀ lálẹ́. Ó ní alẹ́ ni rédíò dùn jù. Ìdí rẹ̀ wà, kì í ṣe idán. Ìgbì tí àwọn rédíò àtijọ́ ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní AM, ilẹ̀ ló ń bá lọ ní ọ̀sán, kì í sì í rìn jìnnà púpọ̀. Bí oòrùn bá ti wọ̀, sánmà lókè á dà bíi jígí fún un. Á lu ibẹ̀, á ta padà, á sì bọ́ sílẹ̀ níbi tó jìnnà réré sí ibi tó ti wá. FM tòde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ mọ́ ketekete, ṣùgbọ́n òkè ń dí i lọ́nà.

Báyìí ni àwọn èèyàn Ìgbómìnà ṣe ń gbọ́ ìwàásù lédè Yorùbá láti Monrovia ní Làìbéríà. ELWA ni orúkọ ilé-iṣẹ́ rédíò náà. Àwọn míṣọ́nnárì SIM ló ni ín, oṣù Jánúárì ọdún 1954 ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn SIM yìí kan náà ló dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ sílẹ̀ ní Ìgbàjà, lọ́dọ̀ wa níbí, nítorí náà ELWA kì í ṣe àjèjì sí wa. Àlàájà kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì, ṣùgbọ́n ó ní òun náà a máa jókòó gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹni tó ń sọ Yorùbá láti Làìbéríà, ṣé èèyàn lè ṣàì dá a lóhùn?" Ogun Làìbéríà ló ba ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ ní 1990.

Nígbà tí Kwara ti di ìpínlẹ̀ ní 1967, tí Ìlọrin sì ti ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, ohùn náà wá sún mọ́ ilé. Lónìí Radio Kwara wà ní Ìlọrin. Harmony FM, tí í ṣe ti Radio Nigeria, wà ní Idofian, lójú ọ̀nà Ìlọrin sí Àjàṣẹ́-Ìpo, lórí 103.5. A kò ní láti dúró de alẹ́ mọ́ ká tó gbọ́ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n Kérésì ọdún 2025 kò dà bí ìyókù. Ẹ̀yin náà ẹ kò ní gbàgbé. Ní Túsìdeè, ọjọ́ 18 oṣù Nòfẹ́ńbà, àwọn agbébọn ya wọ ilé ìjọsìn CAC kan ní Eruku, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ekiti nínú Kwara wa yìí. Ìsìn ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sì ń fi fídíò rẹ̀ hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ìbọn ṣe dún, bí àwọn èèyàn ṣe ń sá, gbogbo rẹ̀ wà nínú fídíò náà. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó àwọn olùjọsìn wọgbó. Ọjọ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ 23 oṣù náà, ni ìròyìn jáde pé àwọn 38 tí wọ́n jí gbé ti gba ìtúsílẹ̀. Eruku kì í ṣe ilẹ̀ Ìgbómìnà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ti Ìlọrin lọ síbẹ̀, Òmù-Àrán ló máa gbà kọjá. Látìgbà náà, bí ọ̀kadà bá fọn páà lálẹ́, àyà gbogbo ilé ń já. Àwọn ọmọdé gan-an dẹ́kun bángà yíyìn, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ohun tó jọ ìbọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jẹ́ kafíńtà ní Mushin, l'Ékòó. Ọdún kẹta rèé tí kò wálé ọdún, nítorí iṣẹ́ kò lọ déédéé. Lọ́dún 2025 yìí, Ọlọ́run ṣe é, ó rí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù gbà, ó ní òun ń bọ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ méjèèjì. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n fẹ́ gbéra. Ìyá mi kò tíì fojú kan èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ náà rí. Ó ti ra adìyẹ méjì, ó ti so wọ́n mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ láràárọ̀ bí ẹni pé wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi wà níbẹ̀.

Sọ́ńdè wá dé, ọjọ́ 21 oṣù Dìsẹ́ńbà. Àlàájà ti wà lọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ Fúráìdé. Bó bá ń bọ̀, ó ń gbé rédíò rẹ̀ dání ni. Rédíò kékeré pupa ni, ó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, eriali rẹ̀ ti kán, wáyà ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì fà á gun ojú fèrèsé. Bó ti kírun Àsùbáà tán ló tàn án. Ìwàásù ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà orin ìjọ, lẹ́yìn náà ìpolówó ọjà: oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, ọṣẹ, ìrẹsì ẹ̀dínwó, ilẹ̀ títà. Ìyá mi ń ro ọkà ògì lórí iná, ó ń dá lóhùn láti ìdí àdògán. Bí wọ́n bá polówó ìrẹsì, á ní, "Irọ́ ni, mo ti débẹ̀." Asọ̀rọ̀mágbèsì kì í gbọ́ èsì, ṣùgbọ́n ìyá mi kò yéé fèsì.

Nígbà tí wọ́n dé orí ìkéde, gbogbo wa dákẹ́. Ẹ mọ bí ìkéde òwúrọ̀ Sọ́ńdè ṣe máa ń rí lápá ibi tiwa. Òkú tí wọ́n fẹ́ sin nínú ọ̀sẹ̀ ọdún, ìgbéyàwó, ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹni tí wọ́n ń wá. Wọ́n á dárúkọ olóògbé, wọ́n á dárúkọ agboolé, wọ́n á ka orúkọ àwọn ọmọ láti orí àkọ́bí dé àbíkẹ́yìn, wọ́n á sọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti máa ṣe é. Àlàájà a máa tẹ́tí gan-an síbẹ̀. Ó ní, "Ìkéde tí kò bá ní agboolé nínú, ìkéde ole ni." Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Kó tó di alẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti di nǹkan míì lójú mi.

A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a dé. Rédíò ń kọ orin Kérésì ti Boney M, èyí tó jáde láti 1978 tí wọn kò sì jẹ́ kó sinmi látìgbà náà. Oúnjẹ ọ̀sán ti ń gbóná. Ibẹ̀ la wà tí aládùúgbò wa onírun sáré wọlé, gèlè ti tú lórí rẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbà mí, ẹ gbọ́ nǹkan!" Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn obìnrin ló jáde, ó ń sunkún. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo sí Òmù-Àrán o, ó ní wọ́n ti dí ọ̀nà, wọ́n ti kó èrò bọ́ọ̀sì méjì wọgbó, òun alára bọ́ ni, kí gbogbo ẹni tó bá gbọ́ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Kí n tó yí ojú, fóònù tèmi náà ti dún. Ẹnìkan ti fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Lẹ́yìn náà ó dé inú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé ẹgbẹ́ àwọn oníṣu. Láàárín wákàtí kan, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé kan ládùúgbò wa tí obìnrin yẹn kò ti sunkún.

Ìyá mi jókòó sórí àpótí, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ pe ọmọ mi, ẹ ní kó má wá." Ẹ̀gbọ́n mi ti sanwó ọkọ̀ fún èèyàn mẹ́rin, ó ti ra àpò ìrẹsì, ó ti ra aṣọ fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa fi owó ọkọ̀ wé ẹ̀mí?

Àlàájà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti rédíò ná."

Ìyá mi gbaná jẹ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o, ṣé rédíò ló sọ ti Eruku fún wa? Ṣebí inú fóònù la ti kọ́kọ́ rí i? Nígbà tí rédíò fi máa sọ ọ́, a ti sunkún tán."

Òdodo ọ̀rọ̀ ni, n kò lè jà á níyàn. Ti Eruku, fóònù ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, òótọ́ sì ni. Rédíò máa ń dúró kí ó rídìí ọ̀rọ̀. Ó máa ń dúró kí ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, kí ìjọba sọ̀rọ̀, ìgbà mìíràn sì wà tí ìjọba kò ní fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tètè jáde. Ẹni tó bá ní rédíò kò ní àléébù, irọ́ ló ń pa. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé fóònù jẹ́ òpùrọ́, rédíò jẹ́ olóòótọ́. Ìṣòro wa lọ́jọ́ yẹn ni pé fóònù kan náà tó sọ òótọ́ lóṣù tó kọjá ló tún dé yìí, ojú kan náà, ohùn ẹkún kan náà. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀?

A dúró de ìròyìn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kò mọ bí rédíò ṣe ń pẹ́ tó bí èèyàn bá ń retí ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n lu fújì, a gbọ́ ọ tán. Wọ́n fi dadakúàdà àtijọ́ ti Odòlayé Àrẹ̀mú sí i, èyí tí ó yẹ kí Àlàájà máa mi orí sí, ṣùgbọ́n kò mi orí. Àwọn ọmọkùnrin ilé kejì wá pé ká jọ̀wọ́ ká yí i síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ìyá mi lé wọn bí adìyẹ. Ìròyìn dé. Wọ́n sọ ti ìjọba, wọ́n sọ ti àwọn tó ń kí ará ìlú kú ọdún, wọ́n sọ pé kí àwọn awakọ̀ má sáré àsápajúdé. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀nà Àjàṣẹ́. Ìyá mi ní, "Ẹ rí i? Wọ́n ń fi pamọ́." Àlàájà ní, "Tàbí kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Àwọn méjèèjì wo ojú mi. "Ìwọ oníwèé ìròyìn yìí, kí lo wí?"

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe kọ́ mi pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn kò bá rídìí, kì í fi í ṣe àkọlé. Mo pe ẹnìkan tí mo mọ̀ ní gáréèjì. Kò gbé e. Mo tún pè, ó ń dún pé ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé gbogbo ìlú ló ń pè é. Mo wá tún ohùn yẹn tẹ̀. Mo ń wá ohun mẹ́ta nínú rẹ̀: ta ni, níbo, ọjọ́ wo? Obìnrin náà kò dárúkọ ara rẹ̀. Ó dárúkọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sọ abúlé tó sún mọ́ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Kò sọ ọjọ́ rárá. Ìgbà kẹta tí mo tẹ̀ ẹ́ ni Àlàájà nawọ́ pé kí n gbé fóònù náà wá. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ gan-an bó ṣe ń gbé rédíò sétí bí bátìrì bá ti rẹ̀. Ó di ojú.

Ó ní, "Tún un tẹ̀."

Mo tún un tẹ̀.

Ó ní, "Kí lẹ gbọ́ lẹ́yìn ohùn rẹ̀?"

A kò gbọ́ nǹkan kan, ẹkún nìkan la gbọ́.

Ó ní, "Òjò ni. Òjò ń rọ̀ lórí páànù. Ẹ tẹ́tí."

Mo gbé ohùn fóònù sókè dé òpin. Lóòótọ́, lóòótọ́, òjò ńlá ni, ó ń lu páànù wòòwòòwòò, àrá sì sán lẹ́ẹ̀kan lọ́nà jíjìn. Ìyá mi dìde, ó bọ́ síta, ó wo ojú ọ̀run. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ìlú. Ètè gbogbo wa ti la. Ewé odán tó wà níwájú ilé ti funfun fún eruku. Láti ọjọ́ tí a ti kó ẹ̀wà tán lóko ni òjò ti dágbére fún wa. Kò sí ọ̀nà tí òjò ṣe máa rọ̀ ní Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ náà tí a kò ní rí ìkuukùu rẹ̀. Obìnrin yẹn sunkún lóòótọ́, bóyá ohun tó ń sọ ṣẹlẹ̀ sí i lóòótọ́ níbì kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ náà. Ohùn ìgbà òjò ni ẹnìkan hú jáde, tó tún fi ránṣẹ́ ní ìgbà ọyẹ́.

Onírun kọ haà, ó ní, "Mo ti fi ránṣẹ́ sí èèyàn ogójì o!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwa ọmọ ìsinsìnyí mọ fóònù tẹ̀ ju Àlàájà lọ fíìfíì. Òun kò lè kọ orúkọ rẹ̀ sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wa tó gbọ́ òjò. Ìdí rẹ̀ ni pé ayé tí òun ti dàgbà, rédíò kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tún tẹ̀. Bó bá ti sọ ọ́, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Bí o kò bá gbọ́, ó di ọjọ́ mìíràn. Bátìrì ń rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń pariwo, ohùn Monrovia ń lọ ń bọ̀ bí ẹni wà lójú omi. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ níláti fi gbogbo ara gbọ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì kò gba èsì lọ́wọ́ wọn, nítorí náà gbígbọ́ ni wọ́n kọ́. Fóònù ń gba èsì lọ́wọ́ tiwa, èsì ni a sì kọ́. Kí ọ̀rọ̀ tó parí, ọwọ́ wa ti wà lórí ibi tí wọ́n ti ń fi ránṣẹ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú, ará gáréèjì pè mí padà. Ó ní ọkọ̀ ń wọlé láti àárọ̀, láti Ìlọrin, láti Ọ̀ffà, kò sí ẹni tí wọ́n dá dúró. Àlàájà ti kírun Mọ̀gáríbì tán nígbà tí ìròyìn alẹ́ dé. Rédíò kò sì tún sọ nǹkan kan nípa ọ̀nà náà. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló wá pe ẹ̀gbọ́n mi. Kò ní kó má wá mọ́, kò sì ní ewu kò sí. Ó ní, "Ilẹ̀ mọ́ kẹ́ ẹ tó gbéra. Ọkọ̀ gáréèjì ni kẹ́ ẹ wọ̀, ẹ má wọ ọkọ̀ ojú ọ̀nà. Bí ilẹ̀ bá máa ṣú bá yín ní Ìlọrin, ẹ sùn síbẹ̀. Mo gbọ́?" Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè ni wọ́n wọlé. Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ wo ojú ìyá mi, ó figbe ta. Ìyá mi ní ẹkún náà dùn mọ́ òun.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ló rí bẹ́ẹ̀. Mo lọ sí ọjà lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn. Àwọn obìnrin oníṣu tó ti háyà ọkọ̀ pé kó lọ kó iṣu wá láti oko ti sọ fún dírẹ́bà lálẹ́ Sọ́ńdè pé àwọn kò lọ mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ti san àsansílẹ̀, owó náà wọmi. Iṣu wà lóko, oníbàárà wà lọ́jà, ohùn kan láìlórúkọ dúró láàárín wọn. Ìwọ̀nba iṣu tó wà lórí àtẹ, owó rẹ̀ fò sókè, ẹni tó fẹ́ gúnyán fún àlejò ọdún sì ń yí ojú padà. Télọ̀ kan sọ fún mi pé oníbàárà méjì ti pè láti Abuja pé kí òun má wulẹ̀ parí aṣọ àwọn, àwọn kò wálé mọ́. Aṣọ náà ti di gígé. Ta ló máa san án? A kò mọ ẹni tó fi ohùn náà sílẹ̀, a kò rí ẹni tí a máa mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bí rédíò bá parọ́, a mọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, a mọ orúkọ ẹni tó ka ìròyìn, a lè gba ibẹ̀ lọ bá wọn. Ohun tí Àlàájà ń wí nìyẹn nígbà tó ní ìkéde tí kò ní agboolé, ìkéde ole ni.

N kò sọ pé kẹ́ ẹ sọ fóònù nù. Èmi náà, òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́. N kò sì sọ pé ọ̀nà wa kò léwu. Ẹni tí Eruku ṣojú rẹ̀ kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju mẹ́rin lọ. Bí ohùn ìbẹ̀rù bá wọ fóònù yín, ẹ gbọ́ ọ dópin, kẹ́ ẹ sì tún un gbọ́. Ẹ bi í léèrè: ta ni, níbo, ọjọ́ wo? Ẹ pe ẹni tó wà nítòsí ibẹ̀, yálà ní gáréèjì tàbí ní abúlé náà. Bí ẹ kò bá sì tíì rídìí rẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn tó ń wá ìròyìn òtítọ́ láti fi gba ara wọn là, irọ́ ni kì í jẹ́ kí wọ́n dá a mọ̀ nígbà tó bá dé.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní ilé-iṣẹ́ rédíò gbogbo, ẹ̀yin náà ẹ jọ̀wọ́. Nígbà tí irú ohùn báyìí bá gba ìlú kan, ẹ má kàn dákẹ́. Ẹ jáde sọ pé, "A ti gbọ́ ohun tó wà nínú fóònù yín, a wádìí rẹ̀, bó ṣe rí rèé." Ẹ ní nọ́ńbà tí àwọn olùgbọ́ fi ń pè yín báyìí láti kí ìyàwó àti láti béèrè orin. Ẹ jẹ́ kí ará abúlé lójú ọ̀nà náà lè fi pè yín sọ bí ọ̀nà ṣe rí. Ìgbà tí ìyá mi gbọ́ pé rédíò kò sọ nǹkan kan, ó rò pé wọ́n ń fi pamọ́ ni. Ìdákẹ́jẹ́ yín náà ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ kò mọ ohun tó ń sọ. Ó tó àkókò kí asọ̀rọ̀mágbèsì kọ́ bí a ṣe ń gba èsì.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá ti ba ọjà yín jẹ́ rí, tàbí tó dá ọmọ yín padà lójú ọ̀nà ilé, ẹ kọ lẹ́tà sí wa, ẹ jẹ́ ká gbọ́. Ẹ dárúkọ ìlú, ẹ dárúkọ ọjọ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi máa bá wa nílé, kí ọ̀nà má jẹ wọ́n, kí ẹsẹ̀ tí wọ́n bá fi wọlé sì jẹ́ ẹsẹ̀ ayọ̀. Àmín.